Àwọ̀ tó ṣá nínú láàbù kò ní kí ewúro wo jẹjẹrẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ewé ewúro gbígbẹ ni mo máa ń lọ̀ tà. Mo gbé e lọ sí láàbù, wọ́n ní DPPH rẹ̀ jẹ́ 87%. Ṣé mo lè kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀ pé ó ń fọ 87% ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń wo jẹjẹrẹ?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́. 87% yẹn kò kan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.

DPPH kì í ṣe ohun tó wà nínú ewúro. Kẹ́míkà tí àwa oníláàbù ń lò ni. Tí a bá yọ́ ọ sínú methanol, omi kẹ́míkà kan, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí elésè àlùkò. A ó ro omi ewúro sí i, a ó gbé e sínú òkùnkùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Bí ewé náà bá ní antioxidant, ìyẹn èròjà tó ń dènà ìbàjẹ́ tí ọ́síjìn máa ń fà, àwọ̀ yẹn á ṣá, á di ìyeyè. Ẹ̀rọ á wá fi ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ 517 nm ka bó ṣe ṣá tó. Ohun tí wọ́n kọ fún yín nìyẹn: àwọ̀ tó ṣá.

DPPH kò sí lára ènìyàn, májèlé sì ni methanol. Ewúro tí a gbé mì ṣì máa gba inú ìfun àti ẹ̀dọ̀ kọjá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èròjà rẹ̀ ti ń yí padà. Ní Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá ní beta-carotene, antioxidant gidi. Èsì tó jáde ní 1994 fi hàn pé ṣe ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i láàrin wọn. Ní 2012, ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà yọ àtẹ ORAC, ìwọ̀n antioxidant mìíràn, kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé àwọn oníṣòwò ń fi polówó ọjà báyìí gan-an.

Ó ń dùn mí, torí aláìsàn tó bá ka ọ̀rá yín lè pa ilé ìwòsàn tì.

Àyẹ̀wò náà wúlò o, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ewé tí ẹ sá sí ibòji dára ju èyí tí ẹ sá sóòrùn lọ. Ẹ ní kí láàbù fún yín ní IC50, ìyẹn iye ewúro tó lè mú ìdajì àwọ̀ náà ṣá, kí wọ́n sì wọn fítámì C pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí IC50 bá ṣe kéré tó ni ewé ṣe lágbára tó. 87% láìsí iye ewúro tí wọ́n lò kò wúlò.

Kí ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ kó tó máa mu ewúro. Ẹ gbé ohun tí ẹ fẹ́ kọ sára ọ̀rá lọ bá NAFDAC kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.