Ẹ Bi Wá Léèrè: Bí Kọ̀ǹpútà Mi Bá Dákú, Ṣé Ẹ̀dà Tí Mo Ṣe Lè Jí I?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Abẹ́òkúta ni mo sì ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kọ ìtàn ìdílé wa sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́dún tó kọjá, èyí tí mo ń lò nígbà náà dákú, ẹni tó bá mi tún un ṣe ní àfi kí òun fọ́ọ̀màtì rẹ̀, bí iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ tí n kò tíì tẹ̀ sórí ìwé ṣe lọ nìyẹn. Ní báyìí mo ti ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun tó ń lo Windows 11, ọmọ mi sì ti ra external hard drive tó gba 1TB fún mi. Mo ṣí C, mo yan gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, mo sì ní kó máa dà wọ́n kọ sínú external náà. Láti alẹ́ di ìdájí ló ń ṣe é. Ó ń sọ fún mi léraléra pé àwọn fáìlì kan ń bẹ ní lílò tí òun kò lè dà kọ, èmi náà sì ń tẹ̀ ẹ́ pé kó fò wọ́n. Bí kọ̀ǹpútà yìí bá kú lọ́la, ṣé ẹ̀dà yìí lè jí i padà bó ṣe wà?

Ìyá Olùkọ́, Abẹ́òkúta

Màmá, ẹ kú àìsùn. Rárá ni ìdáhùn mi, ó sì dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ṣeé ṣe kí ìtàn tí ẹ kọ àti àwọn fọ́tò yín wà nínú external náà, ẹ sì lè ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ṣùgbọ́n Windows kò sí níbẹ̀ lọ́nà tí kọ̀ǹpútà kankan fi lè tipasẹ̀ rẹ̀ jí.

Nígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, kì í ṣe C ni ó kọ́kọ́ ń yà sí. Ó máa ń wá yàrá kékeré kan tó fara sin lórí dísíìkì, níbi tí ohun tí yóò jí Windows wà. Yàrá náà kò ní lẹ́tà bí C tàbí D, nítorí náà ẹ kò lè rí i, áńbọ̀sìbọ́sí kí ẹ dà á kọ. Èkejì ni àwọn fáìlì tí ẹ fò. Bí Windows bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń di àwọn fáìlì kan mú ṣinṣin, pàápàá àwọn ti Registry, tí í ṣe àkọsílẹ̀ ńlá tí ó kọ ètò ara rẹ̀ àti ti gbogbo ohun tí ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà sí. Ẹni tó bá fẹ́ dà wọ́n kọ nígbà náà dà bí ẹni tó fẹ́ gbé ààrò tí ọbẹ̀ ṣì ń hó lórí rẹ̀.

Ohun tí ẹ ń wá ni ẹ̀dà odindi dísíìkì, tí wọ́n ń pè ní system image, èyí tí yóò kó yàrá tó fara sin náà, Windows, àwọn ohun èlò àti iṣẹ́ yín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣí Control Panel, ẹ wá Backup and Restore, tí Windows 7 tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀ (ẹ má jẹ́ kí 7 yẹn rú yín lójú, ó ṣì wà nínú 11), kí ẹ sì tẹ Create a system image. Yóò bi yín ibi tí yóò kó o sí, ẹ fi external hàn án. External náà gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀nà ìtò tí wọ́n ń pè ní NTFS. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Windows kò ní gbà. Kò ní pa ohun tó wà nínú external rẹ́, fódà kan tó ń jẹ́ WindowsImageBackup ni yóò dá síbẹ̀. Ẹ má yí orúkọ fódà yìí padà, ẹ má sì gbé e sínú fódà mìíràn, nítorí pé bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, Windows kò ní rí i lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Láti ọdún 2017 ni Microsoft ti sọ pé àwọn kò tún irinṣẹ́ yìí ṣe mọ́, pé kí àwọn ènìyàn lo ti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbára lé e lè lo Rescuezilla, ọ̀fẹ́ ni, orí fláàṣì ló sì ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí Windows kò tíì jí rárá, ìyẹn ni pé ọbẹ̀ kò sí lórí ààrò.

Ẹ̀dà odindi nìkan kò tó, nítorí pé kọ̀ǹpútà tó ti dákú kò lè ṣí i fúnra rẹ̀. Ẹ wá fláàṣì 32GB tí kò sí nǹkan pàtàkì nínú rẹ̀, torí gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ ni yóò parẹ́, ẹ tẹ Create a recovery drive sí ibi ìwákiri, kí ẹ sì jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀. Fláàṣì yìí ni ẹ ó fi tan kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí dísíìkì bá kú. Lórí Dell àti Lenovo, F12 ni ẹ ó máa tẹ̀ bí ẹ ti ń tan kọ̀ǹpútà. Lórí HP, Esc ni. Bí ẹ bá ra dísíìkì tuntun, kí ó má kéré sí ti àtijọ́.

Bí ó ti wù kí ó rí, bí ọwọ́ yín bá lè ṣe ẹyọ kan péré nínú gbogbo èyí, ẹ fi Windows sílẹ̀, kí ẹ ṣe ti ìtàn ìdílé yín. Ẹnikẹ́ni lè gba Windows padà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Microsoft pẹ̀lú fláàṣì 8GB, kọ̀ǹpútà tó ti ní ìwé àṣẹ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò sì dá a mọ̀. Orí ìwé tí ẹ kọ lánàá kò sí lórí ìkànnì ẹnikẹ́ni. Nínú Control Panel kan náà, ẹ tan File History. Bí external bá wà lójú rẹ̀, wákàtí wákàtí ni yóò máa kó ẹ̀dà fáìlì yín tó bá yí padà, kò sì ní sọ ti àtijọ́ nù. Èyí ṣe pàtàkì fún òǹkọ̀wé: bí ẹ bá ṣèèṣì pa ojú ìwé mẹ́wàá rẹ́, tí ẹ sì tọ́jú fáìlì náà bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì lè lọ mú ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn padà. Ẹ̀dà odindi ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta tó o.

Bí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá ti parí, ẹ yọ external kúrò. Fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kí ó tó béèrè owó kì í mọ̀ pé ẹ̀dà ni èyí tó bá bá lára kọ̀ǹpútà, kí á má tíì sọ ti iná mànàmáná tó bá já wọlé lójijì. Kí ẹ má sì kó òun àti kọ̀ǹpútà sínú báàgì kan náà. Ẹ tún fi ẹ̀dà ìtàn náà ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó wà ní ìlú mìíràn, tàbí sí Google Drive, tó ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ lásán kì í gba àyè púpọ̀, fọ́tò ló ń jẹun.

Ẹ lọ wo Settings bóyá Device encryption, tí ó ń ti dísíìkì pa kí ẹlòmíràn má lè ka ohun inú rẹ̀, wà ní títàn. Bí ó bá wà, nọ́ńbà gígùn kan tó ní dígíìtì 48 (recovery key) ń bẹ tí wọ́n lè bi yín lọ́jọ́ àtúnṣe. Orí ìwé ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe sínú kọ̀ǹpútà tó tì.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ yín, Màmá, ẹ fi external náà sára kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí ẹ ṣí orí ìwé méjì tàbí mẹ́ta. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí mo ń da fódà iṣẹ́ mi kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, inú mi sì ń dùn pé kì í pẹ́ rárá. Ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀ ni mo tó rí ọfà kékeré tó wà ní igun àmì fódà náà. Atọ́ka ọ̀nà lásán (shortcut) ni mo ti ń dà kọ, 2KB péré. Fódà gan-an kò kúrò lórí dísíìkì tó kú.

Olóòtú,

Mo ra fláàṣì 2TB lọ́jà ní owó tí kò tó ti 64GB. Àwọn fọ́tò tí mo kọ́kọ́ kó sí i ṣí, àwọn tó tẹ̀ lé e kò ṣí, bẹ́ẹ̀ orúkọ gbogbo wọn wà níbẹ̀. Kí ló dé?

Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

Ayédèrú ni. Wọ́n ti ṣe é kí ó máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà pé òun tóbi. Nígbà tí àyè rẹ̀ gan-an bá kún, yóò máa gba orúkọ fáìlì, yóò sì máa da ohun inú rẹ̀ nù tàbí kí ó kọ ọ́ lé ti àtijọ́ lórí. Ohun èlò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ H2testw, tó máa ń kọ nǹkan kún fláàṣì dẹ́nu, tí yóò sì kà á padà láti mọ ibi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ kó àwọn fọ́tò tó ṣì ń ṣí kúrò kí o tó dán an wò. Bí àwọn tó kù bá ṣì wà lórí fóònù rẹ, má pa wọ́n rẹ́ o.