Ọyẹ́ ló ń la eyín mammoth yín, ẹ má gbé e sóòrùn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ ní àbúrò yín fi eyín mammoth, ẹbí erin ayé ìgbàanì, ránṣẹ́ sí yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti Netherlands, pé àwọ̀n apẹja ló wọ́ ọ jáde nínú Òkun Àríwá. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú ló ti ń sán, tí ìyẹ̀fun funfun sì ń jábọ̀ lára rẹ̀. Ẹ tún béèrè ibi tí ẹ ti lè wa irú rẹ̀ nítòsí. Ti eyín náà ló kánjú jù.

Lónìí, ẹ gbé e kúrò níwájú fáànù, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ sì dì í sínú ọ̀rá kó má baà gbẹ sí i.

Eyín mammoth kì í ṣe odindi òkúta kan. Pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni, wọ́n tò tira bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé. Èèpo pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan le, kì í fa omi tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ láàárín rọ̀ jù ú lọ, ó ń mu omi. Tí ọyẹ́ bá fa omi yẹn jáde lójijì, èyí tó rọ̀ á sún kì, èyí tó le kò ní tẹ̀lé e, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ni á sì là. Iyọ̀ òkun náà wà níbẹ̀. Bí omi ṣe ń lọ ni iyọ̀ ń di wóró nínú, tó ń ti ara eyín síta.

Ẹ fi ìka tútù kan ìyẹ̀fun náà. Bó bá yọ́, iyọ̀ ni. Bí kò bá yọ́, ara eyín ló ń rún. Bó bá jẹ́ pé ó ń rún, ẹ má rẹ ẹ́ sómi, gbígbẹ díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ mú lò.

Bó bá jẹ́ iyọ̀, ẹ fi báńdéèjì dè é níbi méjì tàbí mẹ́ta, kó má le jù. Ẹ fi aṣọ ọ̀rinrin wé e fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó rì í sínú omi òjò. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá iyọ̀ ti tán, ẹ kán omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ sórí dígí, ẹ kán omi òjò tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí méjèèjì gbẹ. Bí àbàwọ́n wọn bá ti dọ́gba, ó parí. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sí i láé, ohun kíkan ń jẹ eyín.

Gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba tiwọn jẹ́. Ẹ fi ìwé ìròyìn tútù wé e, ẹ kì í bọ ọ̀rá tí ẹ lu ihò mélòó kan sí, kí ẹ gbé e sábẹ́ ibùsùn. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló tó gbẹ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Paraloid B-72 tó kàn, ike wóróworó tí àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù fi ń mú egungun tó ń rún le. Gíráàmù 5 sínú mílílítà 100 acetone, kẹ́míkà olómi tó ń yọ́ ike náà. Ẹ di wóró náà sínú aṣọ gọ́ọ̀sì, kí ẹ so ó rọ̀ sínú ìgò onídèérí di ọjọ́ kejì. Bó bá jókòó sísàlẹ̀ ìgò, á lẹ̀ di odindi kan tí kì í tètè yọ́. Ilé ìtajà kẹ́míkà ni kí ẹ ti ra acetone, torí èyí tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná máa ń ní omi àti òróró nínú. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, jìnnà sí sítóòfù àti jẹnẹrétọ̀, ó tètè ń gbaná. Ẹ rì eyín náà sínú rẹ̀ títí tí kò fi ní hó mọ́, kí ẹ tún fi ọ̀rá bò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Bí acetone bá fò lọ kíákíá, á wọ́ ike náà wá sójú, inú á sì ṣófo. Bí ojú rẹ̀ bá funfun, omi ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Pẹlẹbẹ tó bá já, ẹ po Paraloid àti acetone ní ìwọ̀n kan náà kó ki, ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé e ró nínú abọ́ yanrìn gbígbẹ títí yóò fi le. Èmi ò fara mọ́ gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà rárá. Omi wà nínú rẹ̀, ó sì ṣòro yọ. Paraloid, acetone á tún yọ́ ọ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe.

Ní ti wíwá irú rẹ̀ nítòsí, mo bẹ̀ yín, ẹ má náwó sí i. Àpáta líle tí ooru inú ilẹ̀ sè ló wà lábẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, egungun kì í sí nínú irú rẹ̀. Eyín tí ẹ bá rí nínú yanrìn odò Ọ̀bà, ti màlúù ló sábà máa ń jẹ́: ẹ ki abẹ́rẹ́ gbígbóná bọ gbòǹgbò rẹ̀, bó bá rùn bí irun tó jóná, kò tíì pẹ́. Ameki ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ni wọ́n ti rí egungun Pappocetus lugardi, àbùùbùtán àtijọ́ tí Andrews, onímọ̀ nípa egungun ayé ìgbàanì, kọ nípa rẹ̀ ní 1920. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ rí nǹkan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ sì fi tó àjọ mùsíọ́mù, NCMM, létí.