Ìrìn-Àjò Lọ Wo Eré Orí Yìnyín Nígbà Tí Ààwẹ̀ Bá Wọlé

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, àáfà wa. Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjì tí wọn kò tíì bàlágà. Nígbà ìsinmi àárín táàmù oṣù Kejì ọdún 2026, a fẹ́ kó wọn lọ wo Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Ítálì, pàápàá eré bobsleigh (fífi ọkọ̀ tó ń yọ̀ lórí yìnyín díje) tí àwọn obìnrin Nàìjíríà kópa nínú rẹ̀ ní Kòríà lọ́dún 2018. Ọjọ́ 14 ni a ó gbéra. A ó sun oorun mẹ́ta ní Milan, a ó dé Cortina, ìlú orí òkè tí eré náà wà, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 17, a ó sì padà láàárọ̀ ọjọ́ 21. Ó jọ pé ààwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 18 tàbí 19. Ìyá mi ní Ìbàdàn ní ìnákúnàá ni, pé Hajj ló yẹ kí a fi owó náà ṣe. Ṣé ìrìn-àjò yìí tọ́? Báwo ni ti ìrun, àlùwàlá àti ààwẹ̀ wa yóò ti rí?

Ìdáhùn: Wa alaykumus-salaam. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀ Muhammad.

Ọ̀rọ̀ ìyá yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-tì-sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ kò bá tíì ṣe Hajj, tí agbára yín sì ká a, òun ló ṣáájú. Bí ẹ bá ti ṣe é, tàbí tí owó náà kò tó o, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí baálé ilé mú aya àti ọmọ lọ najú. Inú mọ́sálásí Mẹ̀dínà ni àwọn ará Habasha (Etiópíà) ti fi ọ̀kọ̀ ṣeré lọ́jọ́ ọdún, tí Ànábì fi aṣọ rẹ̀ bo Aishah aya rẹ̀ kí ó lè máa wòran títí ó fi sú u. Bukhari àti Muslim, àwọn tó kó Hádíìsì jọ, ló gbà á wá. Ẹ ṣáà yàgò fún tẹ́tẹ́, kí ẹ sì yan ohun tí ojú yín yóò wò: ijó orí yìnyín, tí wọ́n ń wọ aṣọ péńpé ṣe, kò rí bíi hockey tí aṣọ bo eléré látòkè délẹ̀.

Ní ti ìrun, láti ìgbà tí ẹ bá ti jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ni Àyìlà, Alásárì àti Ìṣáì ti di rákà méjì-méjì. Nígbà tí Umar béèrè ìdí tí ìdínkù yìí ṣì fi wà lẹ́yìn tí ìbẹ̀rù ọ̀tá ti kúrò, Ànábì ní sàráà Ọlọ́hun ni, kí a gbà á. Ohun tó ń já a lọ́dọ̀ àwa tí a ń tọ ọ̀nà Imam Malik, tí í ṣe ọ̀nà tó gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ni kí ènìyàn pinnu láti dúró sójú kan fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, tí ìrun rẹ̀ níbẹ̀ yóò pé ogún. Tiyín kò tó bẹ́ẹ̀. Láti Màǹgàríbì ọjọ́ 17 dé Àsùbáà ọjọ́ 21 ní Cortina, ìrun méjìdínlógún ni, ọ̀nà tó sì wà láàárín Milan àti ibẹ̀ ju 300 kìlómítà lọ, nítorí náà a kò lè ka ìlú méjèèjì sí ibùdúró kan ṣoṣo. Ká ní Milan nìkan ni ẹ fẹ́ fi gbogbo ọ̀sẹ̀ náà gbé ni, ẹ ìbá ti di onílé: ìrun yín yóò pé, ààwẹ̀ yóò sì di dandan fún ẹ̀yin àti ìyàwó yín bí oṣù bá ti lé. Jímọ̀ kì í ṣe dandan fún arìnrìn-àjò, Àyìlà tó. Dída ìrun méjì pọ̀ wà fún ìgbà tí ẹ bá wà lójú ọ̀nà. Kì í ṣe nítorí pé ìdíje ń lọ lọ́wọ́.

Àlùwàlá ló máa ń ni ènìyàn lára jù nínú òtútù bẹ́ẹ̀. Lójú ọ̀nà Tabuk, Mughirah ọmọ Shu'bah bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ aláwọ lẹ́sẹ̀ Ànábì, ṣùgbọ́n Ànábì ní kí ó fi í sílẹ̀ nítorí pé òun wà ní mímọ́ nígbà tí òun wọ̀ ọ́, ó sì fi ọwọ́ tó rin pa á. Ẹ ra irú rẹ̀ tó bo kókósẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ ṣe àlùwàlá pípé ní ilé ìtura láàárọ̀, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ wá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Bí àkókò Àyìlà bá tó, bàtà nìkan ni ẹ ó bọ́. Ẹ ó fi ọwọ́ tó rin pa orí ìbọ̀sẹ̀ náà láti ọmọ ìka dé kókósẹ̀. Nínú Hádíìsì Ali tí Muslim gbà wá, ọjọ́ mẹ́ta tọ̀sán-tòru ni arìnrìn-àjò fi lè máa pa á bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn tí kì í ṣe aláwọ, ọ̀nà Imam Ahmad gbà á, ọ̀nà Malik kò gbà á. N kò ní bá ẹni tó bá lò ó jà. Tàyámọ́mù, ìyẹn fífi ilẹ̀ mímọ́ ṣe ìmọ́ra dípò omi, kò sí fún òtútù lásán níwọ̀n ìgbà tí ẹ lè gbé omi gbígbóná sínú fúláàsì. Amr ọmọ al-As tó ṣe é lóru olótùútù bẹ̀rù ikú ni. Bí omi bá wá ṣàìsí pátápátá, àwọn ìwé ọ̀nà Malik gbà kí a ṣe tàyámọ́mù lórí yìnyín fúnra rẹ̀, ohun tí kì í sábà dé etí wa nílẹ̀ olóoru.

Súrà Baqarah, ẹsẹ̀ 185, ti fún yín láyè láti jẹun kí ẹ sì san ààwẹ̀ náà padà lọ́jọ́ mìíràn. Síbẹ̀, lọ́dọ̀ Malik, gbígbà á ló dára jù fún ẹni tí kò ní ni lára, ààwẹ̀ oṣù Kejì níbẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi wákàtí méjìlá lọ. Ẹ pinnu láti òru: ẹni tó bá gbèrò ààwẹ̀ tí ilẹ̀ fi mọ́ bá a kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ láìnídìí nítorí pé ó rí ẹni tó ń mu tíì gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ìṣínu, ẹ béèrè kí ẹ tó fi ṣíbí kan ọbẹ̀. Oúnjẹ òkè yẹn kan wà tí wọ́n ń pè ní canederli, búrẹ́dì rìbìtì-rìbìtì nínú omi ẹran; wọ́n sábà máa ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní speck wẹ́wẹ́ sí i nínú, ojú kì í sì í tètè rí i. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jù lọ.