Àwọn ọmọ mi ní wáásù orí fóònù ti tó àwọn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí là ń gbé, ìtòsí Tákíé. Àwọn ọmọ mi ò fẹ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, wọ́n ní wáásù tó dáa ju ti pásítọ̀ wa lọ wà lórí YouTube. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún wọn? Èmi Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọmọ títọ́. Ká sòótọ́, àwọn ọmọ yẹn ò kúkú parọ́ tán, torí wáásù míì wà tó jẹ́ pé ariwo àti ọ̀rọ̀ owó ló pọ̀ níbẹ̀, Bíbélì gan-an ò sì gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ (ká má tíì sọ tàwọn tó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta ní aago márùn-ún ìdájí). Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wàásù lórí fóònù ò mọ̀ bóyá owó oṣù ti wọlé nílé yín, kò sì ní yà kí aláìsàn yín. Pásítọ̀ tó mọ agbo ẹ̀ ló lè fa ọ̀rọ̀ náà débi tó ti ń dun èèyàn. Ẹ ka Nehemáyà 8:8, wọ́n kà á, wọ́n ṣàlàyé ẹ̀, ó sì yé àwọn èèyàn. Bowen, míṣọ́nnárì Baptist tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1855, kọ́ Yorùbá débi pé gírámà àti atúmọ̀ èdè tó kọ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1858. Àwọn oníwàásù ìsinsìnyí tó ń fi gẹ̀ẹ́sì dárà fún ìyá arúgbó ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ tinú fóònù wọn, kí wọ́n ṣáà gbé ìbéèrè tó bá jáde níbẹ̀ lọ bá pásítọ̀ lọ́jọ́ Sunday School. Tí pásítọ̀ bá ń bínú sí ìbéèrè, ẹ tún kọ̀wé sí wa.