Mo tẹ àtàǹpàkò sábẹ́ ìròyìn òkú: ṣé kí n yọ ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò bàbá mi kọ ọ́ sórí gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa pé ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti dágbére fáyé. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, mo bá tẹ àtàǹpàkò, àwòrán ìka tó nà sókè yẹn, sí i kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ti rí i. Kò pẹ́ tí ìyá mi fi pè mí tìbínútìbínú: "Ṣé inú ẹ dùn pé àna wa kú ni?" Kí ni ká máa lo nǹkan yìí fún gan-an? Ṣé kí n yọ ọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ kú ará fẹ́ra kù nínú ẹbí yín o.

Bẹ́ẹ̀ ni, yọ ọ́. Tẹ àtàǹpàkò kékeré tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ gbogbo ẹni tó tẹ nǹkan sí i yóò jáde, tìrẹ á wà níbẹ̀. Tẹ tìrẹ, á kúrò. WhatsApp ò ní fi tó ẹnikẹ́ni létí pé o yọ ọ́, àmọ́ ẹni tó bá ti rí i tẹ́lẹ̀ ti rí i nìyẹn. Fiyè sí àwọn orúkọ tó jáde yẹn o: kò sí pé ò ń tẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ lórí gúrúùpù. Bí ẹ bá jẹ́ 80 níbẹ̀, gbogbo yín lẹ lè rí ẹni tó tẹ kí ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ṣòro fún mi láti mọ̀, torí iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bójú tó gúrúùpù fún àwọn ẹgbẹ́ àtàwọn oníṣòwò. Lójú àwa tá à ń fi fóònù ṣiṣẹ́, àtàǹpàkò ò ju "mo ti gbọ́" lọ. Ọ̀gá á ní ìpàdé di aago mẹ́wàá, gbogbo wa á tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ṣùgbọ́n orí Facebook ni ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ti kọ́kọ́ pàdé ẹ̀, láìkì ló sì ń jẹ́ níbẹ̀, ìyẹn "mo fẹ́ràn rẹ̀". Oṣù kejì ọdún 2009 ni Facebook gbé e jáde. Fún ọdún méje, òun nìkan ló wà: ẹni tó bímọ, àtàǹpàkò, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná, àtàǹpàkò. Àfi ìgbà tó di oṣù kejì 2016 kí wọ́n tó fi ọkàn, ẹ̀rín, ìyanu, ẹkún àti ìbínú kún un. WhatsApp ò tiẹ̀ ní irú ẹ̀ rárá títí di oṣù karùn-ún 2022. Mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé sì wà lára wọn. Àwọn kan ní ìdúpẹ́ nìyẹn. Ní gúrúùpù tèmi, àdúrà ni.

Èyí tó ká ìyá rẹ lára ju ìtumọ̀ lọ. Àwa tá à ń kí ẹni tó jókòó, tá à ń kí ẹni tó dúró, tá à ń kí ẹni tó ń gbá ilẹ̀, ta ló máa gbà kí wọ́n fi ìka kan kí òun lọ́jọ́ ọ̀fọ̀? Lórí gúrúùpù kan tí mò ń bójú tó, bàbá kan kọ ọ́ pé òun ń lọ fún iṣẹ́ abẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àtàǹpàkò 21. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ "Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire, sà." Nígbà tí bàbá padà dé, orúkọ ẹni yẹn nìkan ni wọ́n pè. Mo wà lára àwọn 21 náà.

Láti ìgbà náà, báyìí ni mo ṣe ń wọ̀n ọ́n: ká ní ẹ jọ wà nínú yàrá kan, tó bá jẹ́ pé orí lásán lo máa mì, tẹ àtàǹpàkò. Tó bá jẹ́ pé o máa dìde, tàbí o máa kúnlẹ̀, sọ̀rọ̀. Déètì ìpàdé, nọ́ńbà àkáǹtì, "mo ti délé", títẹ tó o. Ó tiẹ̀ ń gbà wá lọ́wọ́ "mo ti rí i, sà" ogójì tó máa ń bo ọ̀rọ̀ pàtàkì mọ́lẹ̀.

Ti Facebook yàtọ̀ díẹ̀, torí níbẹ̀ ẹ̀rọ náà ń ka ohun tí o tẹ̀, á sì máa gbé irú ẹ̀ wá fún ọ. Bí o bá ń tẹ ojú ìbínú sí ìròyìn ìjà, ìjà mìíràn ló ṣeé ṣe kó tún wá bá ọ. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sì gbé ọjà síbẹ̀, láìkì dáa, ṣùgbọ́n béèrè "Èló ni àńkárá aláwọ̀ ewé yẹn?" sábẹ́ rẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní 2018 ni Facebook ti kéde pé ohun tó bá ń mú káwọn èèyàn máa bára wọn sọ̀rọ̀ ni àwọn á máa gbé síwájú.

Ó ku ti ilé. Má bá ìyá rẹ ṣàlàyé ohun tí àtàǹpàkò túmọ̀ sí o. Ìjà mìíràn nìyẹn. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ àti ọkọ wọn lónìí, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ. Lẹ́yìn náà kó o wá kọ ọ́ sórí gúrúùpù, kò gbọdọ̀ gùn: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ màmá sáfẹ́fẹ́ rere, ẹ̀yìn wọn á dára." Má sì jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu bí ìyá rẹ fúnra wọn bá tẹ àtàǹpàkò sí i.