Ṣé sípíkà àárín tuntun ló máa tún orin mi ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Surulere ni mò ń gbé. Home theater mi ní sípíkà márùn-ún pẹ̀lú wúfà: gíga méjì tó dúró níwájú, ọ̀kan tí a tì sínú àpótí tẹlifíṣọ̀n láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn àga. Fíìmù ni mo tìtorí ẹ̀ rà á, ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, jùjú àti àpàlà ni mò ń gbọ́ jù. Ohùn akọrin kì í já gaara. Ńṣe ló ń dún bí ẹni tó ń kọrin látinú ìkòkò. Wọ́n ní kí n lọ ra sípíkà àárín tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní Alaba. Ṣé òun ló máa tún orin mi ṣe lóòótọ́?

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n, inú mi dùn pé ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ má tíì rà á.

Orin tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ọ̀nà méjì péré ni wọ́n gbà á sí: ọ̀tún àti òsì. Kò sí ọ̀nà kẹta fún àárín. Tí akọrin bá ń dún láàárín, wọ́n ti pín ohùn rẹ̀ lọ́gbọọgba sí ọ̀tún àti òsì ni, etí yín méjèèjì á wá gbọ́ ọ bí ẹni pé ó dúró síwájú yín gan-an, níbi tí sípíkà kankan kò sí. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1931 ni Alan Blumlein, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé béèrè fún ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá lórí rẹ̀. Ní 1958 àwo stẹ́ríò, ìyẹn àwo ọ̀nà méjì, bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà. Nígbà tí CD sì dé ní 1982, ọ̀nà méjì yẹn náà ló gbé wá. Fíìmù ló sọ sípíkà àárín di ohun tó wọ́pọ̀. Nínú gbọ̀ngàn sinimá, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ojú àwòrán, kì í ṣe láti ara sípíkà tó sún mọ́ ọn.

Kí ló wá gbé akọrin wọ inú ìkòkò? Ríṣífà yín, ìyẹn ẹ̀rọ tí wáyà gbogbo sípíkà wọ̀, ni mo fura sí. Wọ́n máa ń fi ètò kan sínú rẹ̀, bíi Dolby Pro Logic II tàbí DTS Neo:6, tó ń ṣa ohun tó bá jọra ní ọ̀tún àti òsì, táá fi ránṣẹ́ sí àárín. Ohun tó sì sábà máa ń jọra jù ni ohùn akọrin. Bó ṣe wọ inú àpótí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Ẹ mú rìmóòtù, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Stereo sí. Sípíkà àárín àti ti ẹ̀yìn máa dákẹ́. Ẹ jókòó sí ọ̀gangan àárín méjì iwájú; bí wọ́n bá fi mítà méjì jìnnà síra wọn, kí ẹ̀yin náà fi mítà méjì jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yí ojú wọn sí yín díẹ̀. Ẹ wá fi orin tí ẹ mọ̀ dáadáa sí i.

Tí ohùn náà kò bá dúró lójú kan, tó fọ́n káàkiri, tí báàsì sì fúyẹ́, ẹ yẹ wáyà wò. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti bá èyí pàdé. Mo dé ilé kan ní Ebute Metta tí onílé ti ra sípíkà iwájú lẹ́ẹ̀mejì nítorí orin tí kò dùn. Ẹnì kan náà ló bá a so wọ́n nígbà méjèèjì, wáyà pupa ló sì ń fi sí ojú dúdú lẹ́yìn sípíkà òsì. Nígbà tí ti ọ̀tún bá ń tì síwájú, ti òsì a máa fà sẹ́yìn, wọ́n a sì máa pa ohùn ara wọn. Mo yí wáyà náà padà, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Owó tí ọkùnrin yẹn ti ná dùn mí títí dòní. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, ní ẹ̀yìn ríṣífà àti ní ẹ̀yìn sípíkà.

Àpàlà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwo àpàlà àtijọ́ jẹ́ mono, ohun kan náà ló wà ní ọ̀tún àti òsì. Akọrin, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn á kó jọ sí àárín. Bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ nìyẹn, sípíkà yín kò ṣẹ̀.

Ibi kan wà tí mo ti máa gba sípíkà àárín láàyè nínú orin: tí ẹ kì í bá dá gbọ́ ọ. Ẹni tó jókòó sí ìkángun àga kò ní gbọ́ akọrin láàárín, ọ̀dọ̀ sípíkà tó sún mọ́ ọn ni ohùn máa yí sí. Bí ilé yín bá máa ń kún lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ lè tan ètò ríṣífà yẹn fún àwọn àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ sípíkà tí ẹ ní kúrò nínú àpótí. Pátákó tó yí i ká ló ń bá a dún, ìsàlẹ̀ ohùn ọkùnrin ló sì máa ń wú jù. Ẹ gbé e sórí àpótí, tàbí kí ẹ fà á wá sí etí pátákó gan-an, kí ẹ fi igi pẹlẹbẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè kó lè kọjú sí etí yín. Nínú ètò ríṣífà, ẹ fi Small (sípíkà kékeré) àti 80 Hz sí i, kí wúfà lè gba báàsì tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz ṣe.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ra òmíràn lẹ́yìn ìyẹn, títóbi kọ́ ni kí ẹ wò. Èyí tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe mọ́ méjì iwájú ni kí ẹ wá, kó lè jẹ́ irú twítà kan náà, ìyẹn kékeré tó ń gbé ohùn tínrín jáde, ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní. Gángan ló máa tú àṣírí: tí ìlù bá ń rìn láti òsì sí ọ̀tún, tó wá yí ohùn padà bó ṣe dé àárín, bí ẹni pé onílù mìíràn gba kọ̀ǹgọ́, sípíkà yẹn kò bá àwọn yòókù mu, bó ti wù kó wọ́n tó. Àwọn tó dùbúlẹ̀, tí kóònù méjì (awẹ́ tó ń mì láti gbé ohùn jáde) wà ní ẹ̀gbẹ́ twítà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ló pọ̀ jù lọ́jà. Wọ́n dára fún ẹni tó jókòó sọ́gangan. Fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohùn kóònù méjèèjì kì í dé etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, apá kan nínú ohùn akọrin á sì rá. Èyí tó tún ní kóònù kékeré lábẹ́ twítà sàn jù. Ẹ gbé orin tiyín dání nínú flash lọ sí Alaba, kí wọ́n fi í dán an wò lójú yín.

Bí ẹ bá fi Stereo gbọ́ ọ, tí wáyà pé, tí ohùn akọrin sì tún ṣú, a jẹ́ pé méjì iwájú ló kù díẹ̀ káàtó, ọ̀dọ̀ wọn sì ni kí owó yín lọ. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ríṣífà àti sípíkà iwájú yín ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó jáde nílé.