Ọgbà òdòdó àdúgbò: ẹ wá omi kí ẹ tó wá onígbọ̀wọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹgbẹ́ onílé yín fẹ́ sọ ilẹ̀ gbalasa ẹ̀gbẹ́ títì di ọgbà òdòdó, ẹ wá ń bèèrè bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí báńkì kí wọ́n lè dá sí i. Ẹ má tíì kọ nǹkan kan o. Ojú mi ti rí i n'Íbàdàn níbí.

Báńkì tiwa ò tilẹ̀ jẹ́ ká bẹ̀ wọ́n pẹ́. Pátákó ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, orúkọ wọn gàdàgbà lára rẹ̀, ó ga ju gbogbo ohun tí a gbìn lọ. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Oṣù kọkànlá là ń wí yìí, ọyẹ́ ti ń bọ̀. Ta ni yóò máa bomi rin ín? Kò sí nínú ìwé àdéhùn. Òdòdó Ixora 60 la gbìn. Èmi àti ìyàwó mi ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé omi láti ilé láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, 17 ló kù, ewúrẹ́ tún jẹ nínú ìyẹn. Mo pe máníjà: wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn.

Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ìjọba ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo lọ. Fáìlì wa wà lórí tábìlì, àmì ìdí ife tíì lára rẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n tó sọ pé àwọn kọ́ ló ni ilẹ̀. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ín, kí ó wà lákọsílẹ̀.

Ẹ má sì gbin igi dí gọ́tà, kódà bí ẹni tó kàwé nípa ọgbà bá ní kò séwu. Ẹni tó dàgbà n'Íbàdàn mọ ohun tí omíyalé odò Ọ̀gùnpa fi ojú ọgbà Agodi rí lọ́dún 1980.

Irú òdòdó tó lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ lọ bi NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso, ewébẹ̀ àti òdòdó, ní Ìdí-Ìṣìn n'Íbàdàn níbí. Iṣẹ́ wọn nìyẹn láti 1975.

Ìyá kan tó ń ta òdòdó nínú ike lẹ́bàá títì ló gba ọgbà wa là. A fún un ní igun kan kó máa pàtẹ, mọ́ṣáláṣí fún wa lómi, bó ṣe ń bomi rin tirẹ̀ ló ń bomi rin tiwa. Pèrègún tó fi ṣe ọgbà yí i ká, kò gba kọ́bọ̀.

Áà, lẹ́tà yín. Ojú ewé kan ti tó, kí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí i. Ẹ kọ owó oṣù ẹni tí yóò máa bomi rin ín sí i, ti ọdún méjì gbáko, kí ẹ tó dárúkọ pátákó fún wọn.